Aṣọ Àdìrẹ Kan, Ẹnu Mélòó Ló Ń Bọ́?

  

Tí wọ́n bá bi wá pé iṣẹ́ wo ló ń mú owó wọ Ewékorò, ọ̀pọ̀ wa ló máa dáhùn pé sìmẹ́ǹtì ni. Kò purọ́. Láti 1960 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ mìíràn ti wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá kí sìmẹ́ǹtì tó dé. Kò ní géètì, kò ní fèrè tí wọ́n ń fọn láàárọ̀, obìnrin sì ni ọ̀gá ibẹ̀. Àdìrẹ ni mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Obìnrin kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, fẹ́ ṣe àdìrẹ. Ó kọ́kọ́ ra aṣọ funfun. Aláṣọ ti pawó. Tó bá jẹ́ oníko, ó ra ìko tàbí òwú tí yóò fi dì í. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ, ó ra láfún tí yóò fi se ẹ̀kọ, ìyẹ́ adìẹ ni yóò fi kọ ọnà sára aṣọ. Ó ra aró, ó ra sódà, ó ra igi ìdáná. Ó sanwó fún ẹni tó bá a dì í, ẹni tó bá a rẹ ẹ́, àti àwọn ọkùnrin tó ń fi kùmọ̀ lù ú títí yóò fi máa dán. Alábàárù rù ú. Olóúnjẹ bọ́ gbogbo wọn. Aṣọ dé ọwọ́ oníṣòwò, ó dé ọwọ́ télọ̀. Ẹ kà á wò. Ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó ti jẹ nínú aṣọ kan ṣoṣo kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́!

Wàyí o, ẹ wo èkejì. Ọkọ̀ ojú omi gbé aṣọ wá láti Ṣáínà, ẹ̀rọ ló tẹ ọnà àdìrẹ sí i. Ọnà àwọn ìyá wa ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò kàn án. Aláró kò rí kọ́bọ̀, ẹlẹ́kọ kò rí kọ́bọ̀. Oníṣòwò àti télọ̀ nìkan ló rí nǹkan díẹ̀. Owó yòókù ti wọkọ̀ padà sókè òkun.

Èmi gan-an ti jìn sí kòtò yẹn. Nígbà tí a ń múra ìnáwó nínú ìdílé wa, mo ra aṣọ ọ̀pá márùn-ún tí wọ́n ní àdìrẹ ni. Ó pọ́ọ́kú, inú mi dùn. Mo délé, mo yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Ìyá ọkọ mi, tó ti rẹ aṣọ rí, rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, èyí ní ojú, kò ní ẹ̀yìn." Ẹ fi sọ́kàn: aró ọwọ́ máa ń mu aṣọ wọ inú-wọ ẹ̀yìn.

Kì í ṣe òní ni àdìrẹ ti ń rí ìdánwò. Ní nǹkan bí 1920 sí 1930, àwọn oníṣòwò ń ti Senegal àti Gold Coast, tó di Ghana lónìí, wá ra ọjà l'Abẹ́òkúta. Aró òyìnbó àti sódà wá dé. Wọ́n yá ju èlú inú ìkòkò lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Aṣọ ń ya, aṣọ ń ṣí, oníbàárà ń ráhùn, ọ̀dá owó ayé ìgbà náà sì tún dé bá wọn. Aláké Ladapo Ademola Kejì fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró kọ̀, wọ́n ní oúnjẹ àwọn ni wọ́n fẹ́ gbà. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí ní 1936.

Kí la rí kọ́? Ohun tuntun nìkan kọ́ ló ń pa iṣẹ́. Àwọn aláró ṣì ń lo sódà títí dòní, àdìrẹ kò sì kú. Èyí tó ń pa iṣẹ́ ni kí oníbàárà má lè gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́. Oníbàárà tó bá sá, kì í tètè padà.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkíní, ẹni tó ń ta aṣọ ẹ̀rọ, òun náà ń wá oúnjẹ, a ò lé e. Ṣùgbọ́n kó yà á sọ́tọ̀, kó sì sọ òótọ́. Ẹ má pe títẹ̀ ní rírẹ. Èkejì, bí ẹgbẹ́ wa bá tún fẹ́ mú aṣọ, ẹ jẹ́ ká mú èyí tí ọwọ́ rẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún náà tó láti mú kí aláró dáná. Ẹ̀kẹta, nínú owó àjọ wa, ẹ jẹ́ ká yá àwọn ọmọ wa tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ aró ní owó ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sọ pé obìnrin ọjà kò lágbára. Láti 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn ti ń ná ọ̀nà, orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló wà lára ibùdókọ̀ Pápáláńtò, lórí ilẹ̀ wa níbí. Ìyá yẹn àtàwọn obìnrin Ẹ̀gbá ló fi ohùn kan kọ owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Ohùn kan ni wọ́n ní. Àwa náà ní i.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Tí o bá tún fẹ́ ra àdìrẹ, ìyá mi, jọ̀ọ́, yí i padà kó o tó sanwó. Ajé á bá wa gbé o.