Aṣọ Tí Ń Bá Kòkòrò Egbò Jà

Ẹni tí ó bá ń gbé Ìbàfò mọ ohun tí sàlẹ́ńsà ọ̀kadà ń fi ojúgun ènìyàn ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni ọkọ̀ kò ti sinmi níwájú ìlú wa, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í fi ara gbọgbẹ́ níbẹ̀.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, Ìyá Aláṣọ kan tí ń pàtẹ ní ọjà wa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, sàlẹ́ńsà gbígbóná sì jó o lójúgun. Ó ra kápúsù, ó tú u, ó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sí ojú egbò, ó sì fi àkísà di í. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ ti wú, egbò ti ń ṣọyún.

Mo ní, “Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò lọ sí ilé ìwòsàn?”

Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò bá mi jókòó ti ọjà? Ṣebí kápúsù yìí náà ló wo ti èṣí sàn.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ tí ó sọ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Kápúsù tí a bá ń lò ní ìlòkulò a máa pa kòkòrò tí ó rọ̀, a sì máa fi èyí tí ó le sílẹ̀. Èyí tí ó le yìí ni yóò bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní bẹ̀rù kápúsù mọ́. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, irú kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ yìí pa ènìyàn bíi 1,270,000 káàkiri ayé. Bí a bá sì fi iye olùgbé wé e, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ó ti pọ̀ jù.

Nítorí èyí ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń wá ohun mìíràn: aṣọ tí yóò di egbò, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa bá kòkòrò jà.

Èrò náà ti pẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1865, ní ìlú Glasgow ní Skọ́tláńdì, kẹ̀kẹ́ ẹrù gun ẹsẹ̀ ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 11 kan, James Greenlees, egungun rẹ̀ sì yọ síta. Ní ayé ìgbà náà, irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ a sábà máa jẹrà, gígé ẹsẹ̀ tàbí ikú ni í sì í gbẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà Joseph Lister ti ka iṣẹ́ Louis Pasteur ará Faransé, pé ohun tíntìntín tí ojú kò rí ni í mú nǹkan jẹrà. Ó rẹ aṣọ sínú omi kàbọ́líìkì, ó fi di ọgbẹ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, egungun ti so, ọgbẹ́ sì ti jinná.

Aṣọ tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí ju ti Lister lọ. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan rẹ̀ ni à ń pè ní nánómítà. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bíi nánómítà 80,000. Okùn aṣọ yìí lè má ju 200 tàbí 500 lọ. Kòkòrò tí í mú egbò ṣọyún tó nǹkan bíi 1,000. Atẹ́gùn ń gba inú aṣọ náà kọjá, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún kòkòrò láti ráyè wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á yọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́límà. Pọ́límà ni ohun tí ẹyọ rẹ̀ so mọ́ ara wọn gùn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín: òwú jẹ́ ọ̀kan, náìlọ́ọ̀nù jẹ́ ọ̀kan, òmíràn sì wà tí wọ́n ń rí láti ara èèpo edé àti akàn. Wọ́n á fà á sínú abẹ́rẹ́ bí ti nọ́ọ̀sì, wọ́n á sì so iná mànàmáná mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ náà. Agbára iná ilé wa jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 230; ti èyí tó 10,000 sí 30,000. Iná yìí yóò máa fa okùn jáde bí ìyá àgbà ṣe ń fi ìrànwú fa òwú. Kí ó tó balẹ̀, yóò ti gbẹ, yóò sì máa tò lé ara rẹ̀ bí òwú alántakùn títí yóò fi di aṣọ. Ní 1902 ni J. F. Cooley ti gba ìwé àṣẹ irú ọgbọ́n yìí ní Amẹ́ríkà. Anton Formhals ará Jámánì gba tirẹ̀ ní 1934.

Oògùn tí wọ́n sábà ń pò mọ́ ọn ni fàdákà tí ó kúnná ju ẹ̀tù lọ. Láti 1968 ni ìpara fàdákà ti wà fún ẹni tí iná jó. Ọ̀nà púpọ̀ ni fàdákà ń gbà bá kòkòrò jà, nítorí náà kò rọrùn fún kòkòrò láti mọ́ ọn lára. Aṣọ náà yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ojú egbò.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ni ó wà nídìí iṣẹ́ fàdákà yìí. Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi èèpo obì gbàǹja, èèpo kòkó àti òwú alántakùn ṣe ẹ̀tù fàdákà kíkúnná. Ìwé wọn lórí rẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n po ti èèpo obì mọ́ ọ̀dà ilé, kòkòrò tí wọ́n dán wò kò sì lè hù níbẹ̀. Èèpo tí àwọn alóbì ń dà nù nìyẹn!

Ṣùgbọ́n èmi kò ní tàn yín. Púpọ̀ nínú àwọn aṣọ wọ̀nyí ṣì wà ní ilé ìdánwò. Díẹ̀ ni ó ti dé ọwọ́ dókítà. Fàdákà tí ó bá pọ̀ jù sì lè pa awọ tuntun tí ń hù lára. Kí aṣọ náà tó dé ọjà Ìbàfò, ẹsẹ̀ wa ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú.

Bí sàlẹ́ńsà bá jó yín, ẹ da omi tútù tí ó mọ́ lé e fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi òróró tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i, ẹ má sì bẹ́ ìléròrò rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí a fọ̀ tí a sì lọ̀ bò ó, kì í ṣe àkísà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ má da ẹ̀tù kápúsù sí egbò. Dókítà ni kí ó sọ èyí tí ẹ ó lò àti iye ọjọ́ tí ẹ ó lò ó. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, wọn yóò sọ ọ́ délé.

Ìyá Aláṣọ gbà níkẹyìn, ó lọ. Nọ́ọ̀sì ń fọ egbò náà, ó ń fi bándéèjì tí ó mọ́ di í, títí ó fi jinná. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìsọ̀ rẹ̀ fi wà ní títì, nítorí ọjọ́ kan tí kò fẹ́ pàdánù. Àpá náà ṣì wà lójúgun rẹ̀, ojú àpá kò sì lè jọ ojú ara. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.