Ẹyẹ Ìgbà Ìwọ́wé: Láti Oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ sí Bélú ní Lọ́ńdọ̀nù àti Àyíká Rẹ̀

Tí oṣù kẹjọ bá ti ń lọ sópin nílùú ọba, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ilé máa ń di ti òtútù: ta ni yóò san owó gáàsì, ibo ni kóòtù èṣí wà. Ìgbà yẹn gan-an ni ìrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀run. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò ti rí i pé oúnjẹ ń tán, wọ́n sì ń dorí kọ Áfíríkà. Àwọn mìíràn ń ti Iceland, Scandinavia àti Siberia bọ̀, nítorí òtútù tí à ń ráhùn sí ní Peckham, ìtura ló jẹ́ fún ẹyẹ tí adágún omi ìlú rẹ̀ ti di yìnyín. Àwọn ọmọ tí wọ́n pa ní ìgbà ooru wà láàárín wọn, tí wọn kò rin ọ̀nà náà rí, tí wọ́n sì máa ń ṣìnà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìgbà ìwọ́wé ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wo ẹyẹ, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ tilẹ̀ ń yin ìgbà ìrúwé nítorí orin. Ní ìgbà ìrúwé, ẹyẹ tí ẹ rí lánàá náà lẹ ó rí lónìí. Ní ìgbà ìwọ́wé, àlejò tí ẹnikẹ́ni ò retí lè bà sétí omi àdúgbò yín kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó pẹ́ kí àwọn òyìnbó fúnra wọn tó mọ ibi tí ẹyẹ wọn ń lọ. Gilbert White, àlùfáà Selborne ní Hampshire, kọ ìwé kan nípa ẹranko àti ewéko àdúgbò rẹ̀ tó jáde ní 1789. Títí ó fi kú, kò lè fi gbogbo ẹnu sọ bóyá gbogbo alápàńdẹ̀dẹ̀ ń kúrò nílùú, àbí àwọn kan ń fara pamọ́ sùn títí òtútù yóò fi lọ. Ní 1822, wọ́n pa ẹyẹ stork kan nítòsí Klütz ní Jámánì, wọ́n sì bá ọ̀kọ̀ Áfíríkà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ti gún un ní Áfíríkà, ó gbé ọ̀kọ̀ náà fò padà sílé. Ẹyẹ ọ̀hún ṣì wà ní Yunifásítì Rostock di òní. Lẹ́yìn náà ni òrùka ẹsẹ̀ dé. Alápàńdẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ ní Staffordshire ní 1911, Natal ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti rí i ní oṣù Ọ̀pẹ 1912. Ẹyẹ tó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 20 ni, ìrìn náà sì lé ní kìlómítà 9,000.

Aṣálẹ̀ Sàhárà ni àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ ń là kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà. Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan máa ń sùn pọ̀ nínú eèsún ẹ̀gbẹ́ òkè nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Oṣù Ọ̀wẹwẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wo wáyà. Láàárọ̀, alápàńdẹ̀dẹ̀ á ti tò sórí rẹ̀, ẹ̀yìn wọn dúdú, ìrù wọn là sí méjì, ọ̀fun wọn pọ́n bí osùn. Nígbà tí oṣù yìí bá fi máa parí, ọ̀pọ̀ wọn á ti lọ. Ẹ má wulẹ̀ wá swift kiri, òun ti lọ láti oṣù kẹjọ.

Ẹni tó ń gbé Tottenham, Edmonton tàbí Hackney, Walthamstow Wetlands ni kó kọ́kọ́ lọ. Adágún omi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, inú wọn ni ilé-iṣẹ́ omi ti ń fa omi tí Lọ́ńdọ̀nù ń mu. Oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni wọ́n ṣí ibẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé. Láti ibùdókọ̀ Tottenham Hale, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ín. Ẹ máa wo etí omi tí wọ́n fi kọnkéré ṣe: ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ kì í sinmi, tó ń mì í sókè sódò bó ṣe ń rìn. Common sandpiper ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ náà lẹ ń rí létí ọ̀sà Èkó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bóyá ẹ ò kàn kíyè sí i ni.

Ẹyẹ funfun kan á tún dúró sínú omi, ẹnìkan nínú yín á sì pariwo pé lékèélékèé rèé. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ ná. Bí ẹnu bá dúdú, tí ẹsẹ̀ dúdú, tí ìka ẹsẹ̀ nìkan jẹ́ yẹ́lò, little egret ni. Òun kò pamọ ní ìlú ọba rí títí di 1996. Lékèélékèé tiwa, èyí tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kúrú, yẹ́lò ni, ẹ̀yìn màlúù ló sì fẹ́ràn láti máa tẹ̀ lé. Òun náà ti dé. Somerset ló ti kọ́kọ́ pamọ nílùú ọba, ní 2008, kò sì sẹ́ni tó béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ará Thamesmead ò tilẹ̀ nílò ọkọ̀. Ẹ rìn yí adágún Southmere ká, kẹ́ ẹ wá gba ọ̀nà etí odò Thames lọ sí Crossness nígbà tí omi bá fà. Ẹrẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni tábìlì oúnjẹ wọn. Pẹ́pẹ́yẹ oríṣiríṣi wà níbẹ̀, pẹ̀lú godwit tó ti Iceland wá, tó ń ti ẹnu gígùn bọ ẹrẹ̀ títí dé ojú. Bí omi bá ti kún, kò sí ohun tí ẹ ó rí, nítorí náà ẹ yẹ àkókò omi wò lórí fóònù kẹ́ ẹ tó wọ bàtà.

Ohun tó ju kàlẹ́ńdà lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni afẹ́fẹ́. Òru ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké ń rìnrìn-àjò. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ lálẹ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń ti àríwá fẹ́, wọ́n á gbéra lọ, pápá á dá páropáro láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìlà-oòrùn fẹ́, tí òjò wá dí ọ̀nà mọ́ wọn lójú kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣe ni wọ́n á já lulẹ̀ sí igbó tó bá sún mọ́ wọn jù, pàápàá létí òkun Norfolk, Suffolk àti Kent. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n ti máa gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ láti Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó pinnu ibi tí wọ́n ń lọ.

Oṣù Ọ̀wàrà

Oṣù yìí ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá ń dúró de bọ́ọ̀sì lálẹ́, tí àdúgbò ti dákẹ́, ẹ tẹ́tí sí òkè. Ohùn tín-ín-rín kan á fà gùn, síìì, yóò dákẹ́, òmíràn á dáhùn. Redwing ni. Scandinavia àti Iceland ni wọ́n ti ń bọ̀, orí òrùlé Lewisham ni wọ́n ń gbà kọjá nígbà tí àwọn onílé ń wo tẹlifíṣọ̀n. Láàárọ̀, ẹ wá wọn lọ sídìí igi tó ní èso pupa. Ilà funfun wà lókè ojú wọn, abẹ́ apá wọn sì pọ́n.

Fún ẹni tó lè jí ní kùtù, ẹ gun Parliament Hill ní Hampstead Heath kí oòrùn tó là. Ẹ dúró, ẹ má rìn. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ju kẹ́ ẹ máa wo ọ̀run lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Bélú, ẹyẹlé igbó lè kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọgọ́rùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Nǹkan bí aago mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ti parí, ẹ ó sì ti délé jẹ ògì yín.

Ní Richmond Park, ẹ ó rí jay, ìbátan kannakánná tí wọ́n wọ aṣọ àyẹyẹ fún. Èso igi oak ló ń kó, ó sì ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ de ìgbà òtútù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá gbàgbé á hù di igi. Ariwo tí ẹ ó gbọ́ lókè orí yín ni ti àwọn ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n sá kúrò nínú àgò láyé àtijọ́, tí wọ́n wá gba ìlú. Àwọn akọ àgbọ̀nrín ń jà nítorí abo lóṣù yìí. Ẹ jìnnà sí wọn tó mítà 50, kì í ṣe nítorí fọ́tò lẹ ṣe wá sáyé.

Robin yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ ti pa ẹnu mọ́, òun ṣì ń kọrin nínú ọgbà, takọ tabo, nítorí kálukú wọn ń ṣọ́ ilẹ̀ tirẹ̀ nígbà òtútù.

Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tí ẹ lè dáwó epo, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Snettisham ní Norfolk. Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní knot, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá, ń jẹun lórí ẹrẹ̀ The Wash. Nígbà tí omi òkun bá kún bo gbogbo ẹrẹ̀ náà, kò sí ibi ìdúró mọ́, gbogbo wọn á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á yí po lójú ọ̀run, wọ́n á kọjá lórí yín, wọ́n á sì bà sí àwọn adágún ẹ̀yìn etíkun. Ìró ìyẹ́ wọn nìkan tó owó epo. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ o. Ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí òṣùpá bá kún, tàbí tí oṣù tuntun bá lé, ni omi máa ń ga jù. Ẹ yan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí omi rẹ̀ bá kún láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ sì dé ibẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ìyẹn túmọ̀ sí pé òru lẹ ó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn Ọ̀wàrà ni aago ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Látìgbà náà lọ, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ sábà máa jáde, ọ̀sán ò gùn mọ́.

Oṣù Bélú

Ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Bélú kò dára, nítorí báńgà ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń dẹ́rù ba gbogbo ohun abìyẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, starling ni kẹ́ ẹ lọ wò. Reluwéè tó ń lọ Brighton láti Victoria ń lo nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ ti wà létí òkun ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin díẹ̀. Wọ́n á máa dé ní ogún, ní ọgbọ̀n, títí ọ̀wọ́ náà á fi dúdú lókè afárá ìgbafẹ́ orí òkun, tí á máa na ara, tí á máa ká ara, láìsí olórí kankan. Àwọn onímọ̀ ará Ítálì tó wo irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ní Róòmù gbé àbájáde wọn jáde ní 2008: ẹyẹ kọ̀ọ̀kan kò ju aládùúgbò mẹ́fà tàbí méje lọ tó ń wò, ìyẹn sì tó kí gbogbo ọ̀wọ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí àṣá bá yọ. Bí wọ́n ti pọ̀ tó yẹn, iye wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an nílùú ọba, wọ́n sì wà lára àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn ń kọni lóminú jù.

Fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dà láàmú, London Wetland Centre ní Barnes dára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, níbi tí àwọn adágún omi àtijọ́ wà. Ẹ ó sanwó ìwọlé, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú, ilé onígi tí a ń jókòó sí wo ẹyẹ wà níbẹ̀, tíì gbígbóná náà sì wà.

Ìmúra àti ẹgbẹ́

Awò olójú méjì tí wọ́n kọ 8x42 sí ló bá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mu jù: ó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́jọ, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 42, tó fi ń ríran dáadáa lábẹ́ ìkùukùu. Èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ̀n lọ́wọ́. Merlin, tí Yunifásítì Cornell ṣe, jẹ́ áàpù ọ̀fẹ́ tó ń gbọ́ ohùn ẹyẹ tó sì ń dárúkọ rẹ̀. Ó máa ń ṣì í gbọ́ nígbà mìíràn. Ẹ fojú rí ẹyẹ náà kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ má sì fi ohùn inú fóònù tan ẹyẹ jáde, àárẹ̀ ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀.

Ènìyàn mẹ́ta sí márùn-ún ló tó. Ojú púpọ̀ ń rí ẹyẹ, ẹnu púpọ̀ ń lé e. Ẹni tó bá máa ń dáhùn fóònù bí ẹni wà ní Ọjà Ọba, ẹ ní kó gbé móínmóín lọ́wọ́, kó máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rẹ́ tó nífẹ̀ẹ́ sí i, ẹgbẹ́ Flock Together wà, tí Ollie Olanipekun àti Nadeem Perera dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2020 kí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọn kì í sábà rí nínú igbó lè máa wo ẹyẹ pa pọ̀. Orúkọ Ọlánipẹ̀kun kò ṣàjèjì sí wa.

Ẹni tó ń lọ sílé fún Kérésìmesì, kó má fi awò rẹ̀ sílẹ̀. Lekki Conservation Centre ní Èkó àti igbó IITA ní Ìbàdàn ń gba ẹyẹ arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ Yúróòpù ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀. Willow warbler, tó fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní Ọ̀wẹwẹ̀, irú rẹ̀ ń bẹ nínú ewé níbẹ̀ lóṣù Ọ̀pẹ.

Níbikíbi tẹ́ ẹ bá sì ti rí ẹyẹ, ẹ kọ ọjọ́, ibi àti iye rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí BirdTrack tàbí eBird. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àkọsílẹ̀ yín ni àwọn onímọ̀ sì fi ń mọ ẹyẹ tó ń pọ̀ sí i àti èyí tó ń dín kù.