Ọmọ Ń Ti Ilé Àtúnṣe Bọ̀ Wá Sílé

Bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá ti sú òbí, tí ó ń jalè, tí ó ń sá nílé ìwé, ilé àtúnṣe ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rò sí. A ó mú un lọ, a ó sì máa retí pé ọmọ mìíràn ni wọn yóò dá padà fún wa. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, agogo ni ó ń jí i, agogo ni ó ń pè é wá jẹun. Ètò ibẹ̀ ni ó gbé ìwà rere tí ẹ rí ró. Tí ó bá padà wá bá ilé bí ó ti fi í sílẹ̀, ìwà àtijọ́ kò ní pẹ́ dé.

Ẹ sì mọ irú ibi tí ẹ ń fi ọmọ sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Rigasa, Kaduna, tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú àti ilé àtúnṣe. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn, àpá ẹgba wà lẹ́yìn wọn. Àwọn ẹbí ló fi ọ̀pọ̀ wọn síbẹ̀, tí wọ́n ń sanwó. Ó yẹ kí èyí dùn wá ju ẹlòmíràn lọ, nítorí orúkọ ẹ̀sìn wa ni wọ́n fi bò ó.

Ẹ máa bẹ ọmọ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn wẹ́lífíà bá gbà, kí ó kọ́kọ́ wá sùn nílé ní òru kan tàbí méjì kí ó tó dé pátápátá. Ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ṣáájú pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè é ní "ará ẹ̀wọ̀n", àwàdà ni tàbí òótọ́.

Tí ó bá dé, ẹ wo ara rẹ̀. Níbi tí ọmọ púpọ̀ bá ti ń sùn pọ̀, kúrúnà kì í jìnnà. Bí ó bá ń họra lóru, pàápàá láàárín ìka ọwọ́, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Gbogbo ará ilé ni yóò fi oògùn para lọ́jọ́ kan náà, títí kan ẹni tí ara kò yún. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti aṣọ ibùsùn, kí ẹ sá wọn sóòrùn. Ara lè ṣì máa yún un fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí kòkòrò náà ti kú, ẹ má tìtorí èyí da oògùn lé oògùn.

Ó tún lè máa tọ̀ sórí ibùsùn, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ìdààmú ọkàn lè fà á, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ aṣọ ibùsùn, kí ó tọ̀ kí ó tó sùn, kí ó wẹ̀ kí ó tó kírun àárọ̀. Ẹ má ṣe sá ẹní rẹ̀ sójú àwọn ayálégbé. Bí ẹ bá sì rí búrẹ́dì lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ má pè é lólè. Ẹni tí ebi ti pa rí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé oúnjẹ yóò wà lọ́la.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè máa ṣe jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò dán yín wò: yóò pẹ́ níta, yóò máa dáhùn lódìlódì. Bóyá ẹ ó tún lé òun lọ ni ó fẹ́ mọ̀. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́, tí bàbá á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá mọ́tò tí yóò gbé e padà. Òfin mẹ́ta péré tó fún un, tí bàbá àti ìyá jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Anas ibn Malik, tó sin Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) láti kékeré fún ọdún 10, jẹ́rìí pé kò fìgbà kan ṣe ṣíọ̀ sí òun.

Bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tí ó ń lo oògùn olóró, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ẹbí aláìsàn wá gbé pẹ̀lú rẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n jọ wà nínú ìtọ́jú náà. Ẹ̀yin náà, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ọmọ yín wá, ẹ má ṣe rán ẹlòmíràn bá a lọ.