Bí Háńgà Ṣe Ń Di Ṣọ́ọ̀bù Ẹ́ńjìnnì Jẹ́ẹ̀tì: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Mọ̀

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú Ìdó-Ọ̀ṣun ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ wa. Bí a bá wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, àwọn kan a máa bi wá pé: bí wọ́n bá kọ́ háńgà, ìyẹn ilé ńlá tí ọkọ̀ òfurufú ń wọ̀ sí, ṣé a kò lè sọ ọ́ di ibi ìtúnṣe ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì, kí ẹgbẹ́ sì fi owó sí i? Ìbéèrè náà dára. A ó ṣàlàyé ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1936 ni wọ́n ti la pápá Ìdó-Ọ̀ṣun. Ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, láti 2010 sí 2018, pinnu láti sọ ọ́ di pápá ńlá tí yóò máa jẹ́ orúkọ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, wọ́n sì fi ibi ìtúnṣe ọkọ̀ òfurufú sínú ètò náà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí kí ìjọba náà tó lọ. Ìjọba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, gbèrò láti gbé pápá lọ sí Ẹdẹ. Àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun kò sì gbà. A kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. A sọ èyí kí ẹ lè rí i pé ilẹ̀ àti òrùlé nìkan kọ́ ni irú iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

Háńgà yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ́ńjìnnì. Inú háńgà ni wọ́n ti ń yẹ odindi ọkọ̀ wò: táyà, ìyẹ́, wáyà àti ara rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ ìtúpalẹ̀, wọn yóò tú u kúrò lábẹ́ ìyẹ́, wọn yóò so òmíràn mọ́ ọn, wọn yóò sì gbé èyí tí wọ́n tú lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní nǹkan bí 2017, Aero Contractors ní Ìkẹjà gba àṣẹ láti máa ṣe àyẹ̀wò ńlá fún Boeing 737 ayé àtijọ́ nínú háńgà wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtúpalẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ní Afíríkà, Ethiopian Airlines, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ní Addis Ababa.

Kí háńgà tó lè di irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ ní.

Èkíní ni ilé tó yẹ. Ẹ́ńjìnnì CFM56 tó ń gbé irú 737 wọ̀nyí súnmọ́ tọ́ọ̀nù méjì. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kí ó tẹ́jú, kí kréènì sì wà lókè. Eruku ọyẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé, iná kò sì gbọdọ̀ máa lọ. Yàrá ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ wà fún fífọ irin, àti fún wíwá ibi tó ti sán tí ojú lásán kò lè rí.

Èkejì ni irinṣẹ́. Ooru inú ẹ́ńjìnnì yìí ju 1,000 lọ ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ó sì ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà sípánà wọn ń ka bí ìdè ṣe le tó, wọ́n sì ń yẹ sípánà pàápàá wò lóòrèkóòrè, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ òṣùwọ̀n kòkó wò kó má baà purọ́.

Ẹ̀kẹta ni yàrá ìdánwò. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ tan ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì fi gbogbo agbára rẹ̀ dán an wò. Háńgà kò lè gba irú ariwo àti afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé olódi nínípọn ni wọn yóò kọ́ sọ́tọ̀ fún un, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ̀kẹrin ni ènìyàn àti ìwé. Mọ́tò Àbíjàn tó bá bàjẹ́ lọ́nà, awakọ̀ lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò sí ẹ̀gbẹ́ títì lójú sánmà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì nìkan fi lè fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, tí ṣọ́ọ̀bù pàápàá sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA. Bí wọ́n bá fẹ́ gba iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, wọn yóò tún gba àṣẹ àwọn aláṣẹ ibẹ̀. Àwọn ẹ̀yà pàtàkì inú ẹ́ńjìnnì ní ìwé tirẹ̀, bí ìwé ìfowópamọ́ yín: iye ìgbà tó ti gbéra tó sì ti balẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ìwé bá sọnù, irin náà di aláìwúlò, ì báà máa dán. Ní 2023, àṣírí tú pé ilé iṣẹ́ AOG Technics ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ta ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì CFM56 pẹ̀lú ìwé ayédèrú. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú káàkiri ayé ní láti yọ irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ kúrò.

Ní ti èrè, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tó dára lè fò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí wọ́n tó tú u kúrò lábẹ́ ìyẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ òfurufú mẹ́wàá kò lè bọ́ ṣọ́ọ̀bù kan. Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa ti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wá, kí owó irinṣẹ́ tó lè padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ìpàdé yín pé kí ẹ ra ìpín nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Ta ni yóò máa gbé ẹ́ńjìnnì wá, ìwé àdéhùn wọn dà? Àṣẹ NCAA ńkọ́? Níbo ni yàrá ìdánwò wà? Àwọn wo ni ẹlẹ́rọ tó ní láísẹ́ǹsì? Bí ìdáhùn kan kò bá sí lórí ìwé, ẹ di owó yín mú. Kí ìgbìmọ̀ má sì ná kọ́bọ̀ sí i láìjẹ́ pé ìpàdé gbogbogbò fọwọ́ sí i.

Èyí kò ní kí a káwọ́ gbera. Ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú ti wà ní Zaria láti 1964, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọ́ ẹlẹ́rọ. Ẹgbẹ́ tó bá yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó kí ọmọ rẹ̀ lè kọ́ iṣẹ́ yìí ti ṣe nǹkan gidi, torí láísẹ́ǹsì ọmọ náà yóò wúlò, ì báà jẹ́ Ìdó-Ọ̀ṣun, Ẹdẹ, Ìkẹjà tàbí Addis Ababa ni ṣọ́ọ̀bù wà. Òrùlé lè wà láìní iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í pẹ́ kó tó rí òrùlé.