Dókítà Maria New àti Ọmọ Ọdún Mẹ́ta Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ń Ru

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ọmọ ọdún mẹ́ta ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò rò pé àwàdà ni. Lójú tiwa, àìsàn àgbàlagbà ni, àìsàn ẹni tí ìrònú pọ̀ fún. Ṣùgbọ́n irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan, ọmọbìnrin kan láti inú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, bọ́ sọ́wọ́ Dókítà Maria New ní New York, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó sọ dókítà náà di olókìkí.

Ọdún 1928 ni a bí Maria New. Ó gba oyè ìṣègùn ní Yunifásítì Pennsylvania ní 1954, nígbà tí obìnrin tí ń ṣe dókítà kò pọ̀. Ìtọ́jú ọmọdé ni ó yàn, pàápàá ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù, èyíinì ni àwọn èròjà tí ara ń pèsè tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri láti rán ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ náà. Ẹran kékeré kan wà lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan tí ń pèsè họ́mọ̀nù tí à ń pè ní aldosterone. Òun ni ń pàṣẹ fún kíndìnrín pé kí ó má jẹ́ kí iyọ̀ bá ìtọ̀ jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, iyọ̀ àti omi yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa ru. Gbogbo àmì pé aldosterone pọ̀ jù ni ó wà lára ọmọ yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bíńtín ni èyí tí wọ́n rí. Ta ni ó wá ń ṣe iṣẹ́ náà? Ní 1977, Dókítà New àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé họ́mọ̀nù kan tí ẹnikẹ́ni kò tí ì dá mọ̀ ni àwọn fura sí.

Àṣé ẹni tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni! Cortisol ni, èyí tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ju aldosterone lọ fíìfíì. Ilẹ̀kùn kan náà ni àwọn méjèèjì lè ṣí nínú kíndìnrín. Ohun tí ó ń gbà wá ni pé oníbodè kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn náà tí ń sọ cortisol di cortisone, èyí tí kò lè ṣí i. Oníbodè yìí ni kò ṣiṣẹ́ lára ọmọ náà. Ní 1995 ni àwọn onímọ̀ wá rí àbùkù náà nínú jíìnì, àkọsílẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí.

Èmi tí mo ń kọ́ni nípa oúnjẹ, ibi tí mo ti gbádùn ìtàn yìí jù ni ti liquorice, gbòǹgbò dídùn tí wọ́n fi ń ṣe súwíìtì dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ń dá oníbodè yìí dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń jẹ ẹ́ púpọ̀ lójoojúmọ́ fi lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Kí àrùn yìí tó mú ọmọ, ó ní láti gba jíìnì tí ó lábùkù lọ́wọ́ bàbá, kí ó sì tún gbà á lọ́wọ́ ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ara àwọn méjèèjì lè le koko. Bí AS àti AS ni: nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu náà. Nítorí náà kí ìyá ọkọ kankan má ṣe wí pé oúnjẹ ìyàwó ni ó fa á. Bí a kò bá tètè mọ̀ ọ́n, ó lè fa rọpárọsẹ̀ sí ọmọdé lára. Bí a bá sì mọ̀ ọ́n, oògùn wà tí ń ti ilẹ̀kùn náà mọ́ cortisol.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ Dókítà New ni ó lọ láìsí àríyànjiyàn. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí àìsàn àjogúnbá mìíràn tí ń mú kí họ́mọ̀nù akọ pọ̀ jù lára ọmọbìnrin láti inú oyún. Oògùn dexamethasone ni ó fọwọ́ sí fún àwọn aláboyún tí irú rẹ̀ wà nínú ẹbí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá akọ ni oyún tàbí abo, nítorí náà nínú oyún mẹ́jọ tí ó bá gbà á, ẹyọ kan péré ni ó nílò rẹ̀. Ní 2010 ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ họ́mọ̀nù ní Amẹ́ríkà ní kí a má lò ó bí kò ṣe nínú ìwádìí tí a fojú tó dáadáa. Lójú tèmi, wọ́n jàre.

Ní Amẹ́ríkà lónìí, láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni ìlànà àwọn dókítà ọmọdé ti ní kí a máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wọn ti ọmọ yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ọ̀já apá kékeré, nítorí èyí tí a fi ń wọn àgbàlagbà kì í sọ òtítọ́ lápá ọmọdé.