Kíkí Aládùúgbò Wa ní Èdè Ìgbò: Ohun tí Ó Yẹ kí Gbogbo Yorùbá Onitsha Mọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Òwe yìí ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí ìgbìmọ̀ ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé ètò ọdún yìí. Ọ̀pọ̀ wa ló ti pẹ́ ní Onitsha. A ń bá àwọn Ìgbò tajà, a ń bá wọn gbé ilé kan náà, àwọn ọmọ wa àti tiwọn sì jọ ń lọ sí ilé-ìwé. Síbẹ̀, àwọn àgbà kan wà nínú wa tí kò mọ̀ ju "kedu" lọ.

N óò fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ìjọba gbé mi dé ìhín, ọmọkùnrin aládùúgbò mi kan a máa kí mi láràárọ̀ pé, "Ị bọọla chi?" Á dúró gangan, kò ní dọ̀bálẹ̀. Mo bi ẹnì kan níbi iṣẹ́ pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o jí?" ni. Inú bí mi. Ọmọ tí mo bí bàbá rẹ̀ ní àbúrò ń pe èmi ní "o"! Láti ọjọ́ náà n kò dá a lóhùn mọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kí bàbá rẹ̀ tó mú obì lọ́wọ́ wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kí ni ọmọ òun fi ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ẹ̀rín pa á. Ó ní nínú èdè àwọn, ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń pe ọmọdé ni a fi ń pe àgbà, òun náà ni a sì fi ń pe Ọlọ́run nínú àdúrà. Ojú tì mí púpọ̀. Ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fún mi ni mo ń bínú sí. Ọjọ́ náà ni mo ra ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ìkíni wọn sí.

Kì í ṣe àwa ni Yorùbá àkọ́kọ́ tí yóò jókòó kọ́ èdè yìí. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tó ti tẹ ìwé lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1843, ló kó àwọn oníṣẹ́ Ìjọ CMS dé Onitsha ní ọdún 1857. Ó fi Àlùfáà John Christopher Taylor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò ṣùgbọ́n tí a bí ní Sierra Leone, sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ náà. Ọdún kan náà ni ìwé ABD èdè Ìgbò tí Crowther ṣe jáde. Bí ọmọ Yorùbá bá lè ṣe ìwé ìkàwé fún àwọn ẹlòmíràn nígbà náà, kò yẹ kí ìkíni òwúrọ̀ ṣòro fún wa lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé èrò wọn kò jìnnà sí tiwa.

(1) Òwúrọ̀: "Ị bọọla chi?" Ó dà bí "Ṣé o jí ire?" tiwa. Àwọn mìíràn a máa sọ pé "Ụtụtụ ọma", òwúrọ̀ ire.

(2) Ìkíni ìgbàkigbà: "Ndeewo". Bí wọ́n bá ní "Kedu?", pé báwo ni, ẹ dáhùn pé "Ọ dị mma", ó dára. Ẹ má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ bèèrè àwọn ọmọ: "Ụmụaka kwanụ?" Àwa náà kì í kí ènìyàn kí á má bèèrè ará ilé.

(3) Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Nnọọ", ẹ káàbọ̀.

(4) Ọpẹ́: "Daalụ" tàbí "Imeela". Ẹ wo èyí kejì yìí dáadáa. "O ti ṣe é" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣé kì í ṣe "o ṣé" tiwa gan-an nìyẹn?

(5) Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́: "Jisie ike", kí o lágbára sí i. Ibi tí àwa bá ti ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́" ni wọ́n ti ń lò ó.

(6) Ìbánikẹ́dùn: "Ndo", pẹ̀lẹ́. Bíi ti pẹ̀lẹ́, kò dìgbà tí a bá jẹ̀bi kí a tó sọ ọ́. Fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀: "Chukwu kasie gị obi", kí Ọlọ́run tu ọkàn rẹ nínú.

(7) Ìdágbére: "Ka ọ dị", ó dàbọ̀. Fún ẹni tó ń rìnrìn àjò: "Ije ọma", ìrìn àjò ire. Ní alẹ́: "Ka chi fo", kí ilẹ̀ mọ́, bí àwa ti ń sọ pé "ó dàárọ̀".

Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti ń yọ̀ ni ti "o" àti "ẹ". "Nụ" wà nínú èdè Ìgbò, bíi "Nnọọ nụ" tàbí "Daalụ nụ", ṣùgbọ́n fún ènìyàn púpọ̀ ni, kì í ṣe fún àgbà kan ṣoṣo. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe àgbà ni ọ̀wọ̀ wọn wà: "Nna anyị", bàbá wa, "Ogbuefi" fún olóyè Ọ̀zọ̀ ní Onitsha níbí, "Igwe" fún ọba, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé Kábíyèsí. Nítorí náà, bí ọmọ Ìgbò tó ń kọ́ Yorùbá bá sọ fún yín pé "Báwo ni, ṣé o jí ire?", ẹ rántí ọ̀rọ̀ tèmi. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ́ ọ ní "ẹ".

Ohùn ṣe pàtàkì bákan náà. Bí a ti ní ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ákwá (ẹkún), ákwà (aṣọ), àkwá (ẹyin) àti àkwà (ibùsùn). "Kp" wọn sì ni "p" tiwa.

Bí ẹ bá wọ ilé wọn, obì ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé wá. Èyí tí a ń pè ní àbàtà ni wọ́n kà sí obì Ìgbò, gbànja kò gba ipò rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mú obì wá, ìyè ló mú wá. Àgbà yóò fi èdè Ìgbò gbàdúrà lé e, nítorí wọ́n gbà pé obì kò gbọ́ òyìnbó. Bí ó bá ti ń gbàdúrà, ẹ máa dáhùn pé "Isee!", bí a ti ń ṣe "Àṣẹ!" nílé wa.

Ẹ̀yin òbí, mi ò ní kí ẹ gba ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ kọ́ wọn ní tilé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ ti ìta. Ọmọ tó mọ méjèèjì kò ní rí ìwọ̀sí níbi tí kò sí. Kí ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó dé, kí olúkúlùkù wa fi èdè Ìgbò kí aládùúgbò kan láràárọ̀. Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di baba ọmọ báyìí. Tí ó bá wá kí mi, èmi ni mo ń kọ́kọ́ sọ pé, "Nnọọ! Ụmụaka kwanụ?" Òun á sì dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ kú ilé, bàbá."

Ka chi fo o. Ó dàárọ̀.