Oje, Abẹ́rẹ́ àti Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀

Bí típà tó kó gráníìtì bá ṣáájú yín lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọn ò fi tapólì bo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ "kó!" lára gíláàsì iwájú. Dírẹ́bà á wò ó fìrí, á ní kò tíì là, á máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìlà ti gba iwájú ọkọ̀ kọjá láti igun kan dé ìkejì, gíláàsì tuntun ló kù. Ẹni tó ní ọkọ̀ kan á kùn, á nájà, á rà á. Ẹni tó ní ọgbọ̀n bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí oníṣẹ́ gíláàsì tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kọrí sí, irinṣẹ́ tó sì máa gbé dání kò kún báàgì ọmọ iléèwé. Àmọ́ kò ní rí iṣẹ́ gbà níbẹ̀ bí kò bá lè ṣàlàyé bí irinṣẹ́ náà ṣe ń ṣe é, torí ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá gáréèjì máa bi í ni pé, "Ṣé gíláàsì tó fọ́ tún ń jiná ni?"

Kì í jiná. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 2, ike tó mọ́ gaara tí wọ́n ń pè ní PVB sì wà láàárín wọn bí àkàrà ṣe ń wà láàárín búrẹ́dì. Ike yìí kì í sábà ju mílímítà 0.76 lọ. Ọ̀dọ̀ ará Faransé kan, Édouard Bénédictus, ni ọgbọ́n náà ti ṣẹ̀. Wọ́n ní ìgò kan já bọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní 1903, ó fọ́ yángá ṣùgbọ́n kò tú ká, nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Bí tiẹ̀ bá fọ́, ó di èérún, ìgbálẹ̀ ló kù.

Bí òkúta bá wá ba gíláàsì iwájú, ti ìta nìkan ló sábà máa ń fọ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti inú ọkọ̀, ẹ máa rí i pé ó ń dán bọ̀rọ́. Ohun tí ojú wa rí tó dà bí ìràwọ̀ tàbí òbìrí kì í ṣe gíláàsì, afẹ́fẹ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò nínú gíláàsì tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ máa ń ṣẹ́rí, òmíràn nínú rẹ̀ á ta padà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀là fi ń kọ mànà. Àwọn onímọ̀ ní òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀: afẹ́fẹ́ jẹ́ 1, gíláàsì súnmọ́ 1.52. Bí a bá rí ohun olómi kan tí òǹkà tirẹ̀ súnmọ́ ti gíláàsì, tí a sì fi rọ́pò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀là náà, ìmọ́lẹ̀ ò ní mọ̀ pé òun kọjá ibì kankan. Bí ohun olómi náà bá tún lè gbẹ, kó le, kó sì di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ̀là mú, ṣóńṣó ẹ̀là ò ní rí agbára sáré mọ́. Oje náà nìyẹn, résìn lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ tún gíláàsì ṣe ní Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni bí oje ṣe máa wọlé. Apá irin kan ni, rọ́bà tó ń fa ara mọ́ gíláàsì wà nídìí rẹ̀, ọ̀pá oníhò kan sì dúró láàárín rẹ̀ ṣánṣán. Ọ̀pá yìí ni abẹ́rẹ́. Rọ́bà róbótó wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí nǹkan jò, písítìnì tí wọ́n ń fi síkúrúù yí wà nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ṣóńṣó irin yọ èérún tó ń mì lójú ihò. Bí ojú ihò bá dí, á fi dírílù tíńtín lu ú díẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kan PVB. Á wá to ẹnu abẹ́rẹ́ sójú ihò gẹ́ẹ́, á kán oje sí i, á yí síkúrúù wọlé. Písítìnì á ti oje wọnú ẹ̀là, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ríbi gbà jáde. Ibí yìí ni ọgbọ́n ẹ̀rọ náà wà. Oníṣẹ́ á yí síkúrúù padà sẹ́yìn, písítìnì á gòkè, òfìfo á wà lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há á wá máa la inú oje kọjá bọ̀ lókè ní hóró wínníwínní. Á tún tì í, á tún fà á. Bí ẹ bá dúró tì í, ẹ máa rí ẹsẹ̀ ìràwọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Mi ò tíì rí ọ̀gá gáréèjì tó rí i tí kò bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Lẹ́yìn èyí ni iná. Ìtànṣán UV ló ń mú kí oje náà gan, ìṣẹ́jú díẹ̀ lábẹ́ àtùpà kékeré ti tó o. Wọ́n á fi abẹ fẹ́lẹ́ fá ojú rẹ̀, wọ́n á nù ún, ó parí. Àtùpà náà gbọ́dọ̀ wà níta ọkọ̀ o. PVB ń dínà UV, ẹni tó bá tàn án láti inú kàn ń fi bátìrì ṣòfò ni. Àmọ́ oòrùn náà ní UV, tiwa níhìn-ín kò sì mọ níwọ̀n: bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ yìí nínú oòrùn ọ̀sán, oje lè ti gan kó tó dé ṣóńṣó ẹ̀là. Abẹ́ òjìji ni, tàbí àárọ̀ kùtù. Bí gíláàsì bá gbóná, kí ẹ fún un láàyè kó tutù fúnra rẹ̀, ẹni tó bá da omi tútù sí i á gbọ́ tí ìlà ń sáré. Nígbà òjò, omi inú ẹ̀là gbọ́dọ̀ gbẹ kí oje tó wọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá, torí oje máa ń dì mọ́ eruku, kì í fọ̀ ọ́.

Bí ẹ̀là bá ti dé etí gíláàsì, bó bá ti gba gíláàsì inú, tàbí bó bá wà níwájú ojú dírẹ́bà gan-an, ẹ sọ pé kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn àtúnṣe pàápàá, àpá bíńtín máa ń kù, torí náà ohun tó wà níwájú ojú dírẹ́bà kì í ṣe ibi tá a ti ń dán ọwọ́ wò. Ní ìlú ọba, nínú àyẹ̀wò ọdọọdún ti ọkọ̀ kékeré, wọ́n ń wọn ojú ibi tó fẹ̀ tó mílímítà 290 níwájú ìdarí ọkọ̀, ohun tó bá sì ju mílímítà 10 lọ níbẹ̀ máa gbé ọkọ̀ ṣubú. Òfin ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà fàyè gba ibi tó bà jẹ́ tí kò ju mílímítà 19 lọ, bí irú rẹ̀ míì kò bá sí láàárín mílímítà 76 sí i. Oníṣẹ́ tó bá gé páálí róbótó sí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, tó ń gbé e lé ojú gíláàsì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ ọ̀gá létí ju ti ẹni tó ń fi ọwọ́ júwe lọ.

Bí ọwọ́ yín bá ti mọ iṣẹ́ náà, ẹ lọ sí Jíbówú ní Èkó tàbí ibùdó iléeṣẹ́ ọkọ̀ èyíkéyìí. Ẹ má béèrè ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà. Ẹni tí orí rẹ̀ ń fọ́ ni ẹni tó ń pín ọkọ̀ sójú ọ̀nà láràárọ̀, òun lẹ máa wá lọ. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹyọ kan kẹ́ ẹ wò ó, mi ò gba kọ́bọ̀." Ìlàjì wákàtí ni, nínú ọgbà wọn, kí ọkọ̀ tó gbéra. Kì í ṣe owó gíláàsì tuntun nìkan lẹ bá a dá sí yẹn. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀ á dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ, bọ́ọ̀sì tó dúró kò pa owó. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn oníṣẹ́ wa ń polówó "a ń ta gíláàsì" lára ògiri, wọn kì í polówó wákàtí tí wọ́n ń dá padà fún onímọ́tò.

Bí ọ̀gá náà bá gbà, ẹ ní ẹ máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ yẹ gbogbo ọkọ̀ wò lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti wọlé, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tí òkúta ti bà á, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó yé e pẹ̀lú pé dírẹ́bà tó mọ̀ pé wọ́n máa gé owó gíláàsì lára owó oṣù òun kò ní sọ nígbà tó ṣì kéré. Bí iléeṣẹ́ bá ń fìyà jẹ ẹni tó sọ, ẹ̀rọ yín ò ní rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ìlà tó ti gba gíláàsì já nìkan lẹ máa máa bá. Ẹ pín sẹ́lótéèpù funfun fún àwọn dírẹ́bà, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò lójú ẹsẹ̀, kí eruku àti omi má ráyè wọlé kẹ́ ẹ tó dé.

Ọ̀rọ̀ àwìn ńkọ́? Wọ́n máa bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe é láwìn títí ìparí oṣù. Ẹ gbà á fún oṣù kan. Bí oṣù kejì bá wọlé tí ti àkọ́kọ́ kò tíì wá, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ san án kẹ́ ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ lé ọkọ̀ míì, bó ti wù kí iléeṣẹ́ náà tóbi tó.